Ẹ Jẹ́ Kí Rẹ́wáyà Bá Wa Jókòó

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Mo ka lẹ́tà olùkàwé yín kan láti Lọ́kọ́ja, èyí tí ẹ gbé jáde nípa àwa ẹlẹ́gbẹ́ ọkọ̀ spọ́ọ̀tì ní Kàbbà. Ó ní aláriwo ni wá. Ó ní títì kọnkéré tó lọ sí Ọbájànà la ti ń sá eré àsápajúdé. Ó tún wá fi kún un pé ẹgbẹ́ olówó tí kò rí nǹkan fi owó ṣe ni wá. Méjì àkọ́kọ́, n ó fèsì sí wọn kíákíá. Ẹ̀kẹta ló mú mi gbé bírò, torí ó súnmọ́ òótọ́ ju bí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi ṣe fẹ́ gbà lọ: òfin ẹgbẹ́ wa kò jẹ́ kí rẹ́wáyà, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, àti àwọn mẹkáníìkì wa bá wa jókòó ní ìpàdé.

Àwọn ọmọkùnrin kan wà lóòótọ́ tí wọ́n máa ń gé sàlẹ́ńsà ọkọ̀ wọn, tí ọkọ̀ á máa bú ramúramù láàárín òru. Kò sí ẹyọ ọ̀kan wọn nínú ẹgbẹ́ wa, àwa náà kì í sì í rí oorun sùn bí wọ́n bá ń kọjá. Ní ti ọ̀nà Ọbájànà, kìlómítà 43 tí ilé-iṣẹ́ Dangote fi kọnkéré ṣe yẹn dán lóòótọ́, ó sì ń dán ẹsẹ̀ ẹni wò. Ṣùgbọ́n tírélà sìmẹ́ńtì ló ni ọ̀nà yẹn. Ta lorí rẹ̀ pé tó fẹ́ bá tírélà du ojú títì? Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti sọ ọ́: 50 kìlómítà ní wákàtí nínú ìlú, 80 lójú ọ̀nà bíi tiwa. Ilẹ̀ Òkun, ilẹ̀ àwa Yorùbá Kogi, kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní ohun tí jàǹbá ọkọ̀ ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Jàǹbá ọkọ̀ ló gba Olóyè Sunday Awóníyì, Àró Mọ̀pà, lọ́wọ́ wa ní 2007.

Ó jọ pé ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn kò mọ ohun tí à ń ṣe gan-an, n kò sì dá a lẹ́bi, torí bí ènìyàn bá rí ọkọ̀ pupa, ọkọ̀ yẹ́lò, tí wọ́n tò tẹ̀ léra wọn láàárín ìlú, eré ìje ni ọkàn rẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ bá.

Bí ó ṣe máa ń rí nìyí. Ní Sátidé tí a bá ní ìrìn àjò, a ó pàdé ní Kàbbà ní àárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú. Akọ̀wé á fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan. Ìwé yẹn ló máa sọ ibi tí ẹ ó ti yà, ibi tí ẹ ó ti dúró, àti ìwọ̀n eré tí ẹ ó máa bá lọ: bóyá 45 kìlómítà ní wákàtí títí dé Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀, kí ó wá wálẹ̀ sí 40 títí dé Mọ̀pà nítorí gálọ́ọ̀pù. Ọkọ̀ kan á gbéra, lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan èkejì á tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń di aago mú á ti lọ fara pamọ́ síbì kan lójú ọ̀nà, ẹ kò ní mọ ibẹ̀. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú kan pẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, máàkì kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú kan yá jù, máàkì kan bọ́ lọ́wọ́ òun náà. Ẹni tó bá sáré ti fìdí rẹmi nìyẹn.

Àwọn tó máa ń gba ipò kìn-ín-ní jù láàárín wa ni bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì àti ìyàwó rẹ̀. Honda Prelude tí wọ́n ń lò ti dàgbà ju àbígbẹ̀yìn wọn lọ. Ọkọ ló ń wa mọ́tò, ìyàwó ló mú ìwé, aago àti bírò dání. Bí ẹsẹ̀ bàbá bá fẹ́ wúwo, ẹ ó gbọ́ ohùn màmá láti ojú fèrèsé: "Dádì, ẹ rọra o, a ti yá jù." Bàbá á sì gbé ẹsẹ̀ sókè. Èmi tí mo ń wa Celica, tí ẹ́ńjìnnì mi lágbára ju tiwọn lọ, n kò tíì rí wọn mú rí. Ẹni tó kọ̀wé láti Lọ́kọ́ja, ẹ máa bọ̀ o. A máa ń wá ẹni tó máa bá wa di aago mú ní Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀, kò sì dìgbà tí ẹ bá ní ọkọ̀.

Èkejì tí a máa ń ṣe, orí pápá ni. A ó to kẹ́ẹ̀gì òfìfo kálẹ̀, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń wọlé lẹ́ẹ̀kan, yóò máa yí bìrí láàárín àwọn kẹ́ẹ̀gì náà, a ó sì ka àkókò rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan tó bá gbá ṣubú, ìṣẹ́jú àáyá méjì la ó fi kún un. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Amẹ́ríkà náà nìyẹn, àfi pé kóònù rọ́bà ni tiwọn. Òǹwòran á wà lẹ́yìn okùn, jìnnà sí ibi tí eruku ti ń lálá. Ọkọ̀ kékeré ló máa ń borí níbẹ̀. Mustang onísílíńdà mẹ́jọ tó wà láàárín wa, ìdí ló máa ń fi ṣa kẹ́ẹ̀gì jọ, ẹni tó ni ín á sì ní táyà ló fà á. Táyà ṣáá ni.

Ní oṣù Kẹfà, tí Ọ̀gìdì bá ń jẹ iṣu tuntun, a máa ń kọ́wọ̀ọ́ lọ síbẹ̀. Kò sí ìdíje lọ́jọ́ náà. A ó páàkì, a ó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, àwọn ọmọdé á máa wọlé jókòó sídìí sítíárì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa fi ẹnu dún bí ẹ́ńjìnnì. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ á ti gba ibi àdìrẹ Olóyè Níkẹ Òkúndáyé lọ, a kì í rí wọn mọ́ títí ilẹ̀ fi máa ń fẹ́ ṣú.

Ṣé ẹ rí i pé ayẹyẹ ti fẹ́ pọ̀ ju ọkọ̀ wíwà lọ nínú ìròyìn mi yìí? Epo ló fà á. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, tí lítà kan kúrò ní nǹkan tí kò tó 200 náírà tó fò dé nǹkan bíi 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìrìn àjò wa já wálẹ̀. Àwọn kan gbé ọkọ̀ wọn sórí búlọ́ọ̀kù. Àmọ́ ìsọmọlórúkọ kò dín kù, òkú àgbà kò dín kù, aṣọ ẹbí kò sì dín kù. Kí wọ́n má bínú sí mi o, n kò fẹ́ràn ìnáwó aṣọ ẹbí yẹn. Owó léèsì ẹ̀ẹ̀kan, ó tó ra ṣọ́kì tòkunbọ̀ méjì. Síbẹ̀, mo mọ ohun tí ẹgbẹ́ yìí ṣe fún mi. Nígbà tí ọkọ mi kú, àwọn ni wọ́n to ọkọ̀ tẹ̀ lé pósí láti Ìlọrin wálé, tí wọ́n tanná lójú ọ̀sán, tí wọ́n ń rọra bọ̀ lójú ọ̀nà Ẹ̀gbẹ̀. Ọ̀nà yẹn náà, nígbà tí a ṣì wà ní Kwara, kí wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀ ní 1991, òun ni ọ̀nà olú ìlú wa. Ẹ wò bó ṣe wá rí báyìí. Ìyẹn di lẹ́tà mìíràn.

Ọ̀rọ̀ olówó ló kù. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi á ní olówó kọ́ ni wá, tòkunbọ̀ la ń gùn, òótọ́ sì ni. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa, owó tí a fi rà wọ́n kò tó owó jíìpù kan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, nígbà tí à ń bọ̀ láti Ẹ̀gbẹ̀.

Ẹlẹ́gbẹ́ wa kan ń gun Mercedes SLK, èyí tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ irin, tó máa ń ká ara rẹ̀ wọ inú búùtù. Ó dúró ní Ìsánlú, ó ra iṣu, ó sì fi túláàsì kì í bọ inú búùtù náà pẹ̀lú òrùlé tó ti ká síbẹ̀. A ò tíì jìnnà sí Mọ̀pà tí òjò fi ṣú. Ó tẹ bọ́tìnnì, òrùlé kò mira. Ó tún un tẹ̀, kò mira. Ìyàwó rẹ̀ ti ń tú gèlè kó fi bo àga aláwọ. Òun fúnra rẹ̀ ti ń pe ẹnì kan ní Àbújá, ẹni yẹn ń sọ fún un pé ó lè jẹ́ pọ́ńpù, ó lè jẹ́ kọ̀ǹpútà ọkọ̀, kí ó sáà wọ́ ọ wá.

Rẹ́wáyà tó máa ń tẹ̀ lé wa sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Kò fọwọ́ kan wáyà kankan. Ó ṣí búùtù, ó gbé iṣu jáde, ó wá fa kọ́tìnì kékeré kan tó wà nínú búùtù náà títí ó fi há, tá! Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ tẹ̀ ẹ́ wàyí." Òrùlé dìde, ó bo gbogbo wọn. Iṣu ló ti kọ́tìnì yẹn kúrò láyè rẹ̀. Bí kò bá ti há, ọkọ̀ náà gbà pé ẹrù wà lójú ọ̀nà òrùlé, kò sì ní gbéra. Ọkùnrin yìí, orí Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975 ló ti kọ́ṣẹ́. Kò sẹ́ni tó fi ìwé SLK hàn án rí.

A dé Kàbbà, wọ́n gbé iyán àti ẹ̀gúsí kalẹ̀. Ẹlẹ́gbẹ́ jókòó sábẹ́ kánópì. Rẹ́wáyà, àwọn mẹkáníìkì àti ọmọ iṣẹ́ wọn gbé abọ́ tiwọn lọ sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n jẹ ẹ́ lóòró. Iṣu tí rẹ́wáyà fọwọ́ ara rẹ̀ gbé nínú òjò! Kò sẹ́ni tó lé wọn o. Òfin ẹgbẹ́ ló ti sọ fún wọn níbi tí àyè wọn mọ, torí òfin wa sọ pé ẹni tó bá ní ọkọ̀ spọ́ọ̀tì onílẹ̀kùn méjì lórúkọ ara rẹ̀ nìkan ló lè jókòó ní ìpàdé, tó sì lè dìbò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún òfin yẹn kà. Màmá tó ń ka ìwé fún bàbá tíṣà, tó ń gba ife ẹ̀yẹ fún wa, kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, nítorí orúkọ ọkọ rẹ̀ ló wà lórí ìwé ọkọ̀.

Àwọn òyìnbó tí a wo iṣẹ́ lára wọn kò ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ ọkọ̀ spọ́ọ̀tì àtijọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ní 1934, Vintage Sports-Car Club, torí kí àwọn tí kò lówó púpọ̀ náà lè gbádùn ọkọ̀ ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Ti Amẹ́ríkà, Sports Car Club of America, tó bẹ̀rẹ̀ ní Boston ní 1944, ẹni tí kò ní ọkọ̀ spọ́ọ̀tì kankan lè wọ̀ ọ́ lónìí. Àwọn tó ń di aago mú, tó ń ju àsíá, tó ń yẹ bíréèkì wò kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n.

Mo ti gbọ́ àwíjàre àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa. Wọ́n ní mẹkáníìkì kò ní lè san owó ọdún. Ta ló bi wọ́n? Rẹ́wáyà tí mò ń wí yìí ti fọwọ́ ọ̀fẹ́ ṣe iṣẹ́ tó ju owó ọdún wa lọ, lójú títì, lábẹ́ òjò. Wọ́n tún ní tí wọ́n bá wọlé, wọn yóò sọ ìpàdé di ibi ìpolówó iṣẹ́. Lọ́yà wà nínú wa, onílé epo wà nínú wa, ẹni tó ń ta ilẹ̀ wà nínú wa, gbogbo wọn ló ń pín káàdì lórí tábìlì iyán. Mẹkáníìkì nìkan ló fẹ́ polówó?

Ìpàdé gbogboogbò wa ń bọ̀ ní oṣù Kejìlá. Mo ti fún akọ̀wé ní àbá mi lákọsílẹ̀: kí ẹni tó bá ti bá wa ṣe iṣẹ́ ìrìn àjò fún ọdún kan, yálà ó mú sípánà dání tàbí ó mú aago, di ọmọ ẹgbẹ́ tó lè dìbò, kí ìyàwó tàbí ọkọ tó ń bá ẹnì kejì rẹ̀ kópa náà di ọmọ ẹgbẹ́, kí a sì gba iṣẹ́ ọwọ́ dípò owó ọdún lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ku ẹlẹ́gbẹ́ kan tó máa fọwọ́ sí i láti kín in lẹ́yìn, kó tó lè dé iwájú ìpàdé. Àwọn tó sọ fún mi ní kọ̀rọ̀ pé àwọn fara mọ́ ọn, ìwé náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹ mú bírò dání.

Èmi ni tiyín,
Opó kan tó ń wa Celica,
Kàbbà, Ìpínlẹ̀ Kogi.