Lẹ́tà sí Bàbá mi lórí ọ̀rọ̀ màlúù ìdúpẹ́

Manchester,
Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn iṣẹ́ òru

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ṣé ẹ̀ ń jẹun? Ara tèmi le, ẹ má da ara yín láàmú. Mo gbọ́ ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Èyí tó gùn jù nínú wọn, ìṣẹ́jú mọ́kànlá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mi ò dá yín lóhùn, mo sì mọ̀ pé ẹ ti ń bi àwọn èèyàn bóyá inú ń bí mi. Inú ò bí mi. Iṣẹ́ ló pọ̀.

Ìdí tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé ni pé bí mo bá pè yín, àdúrà lẹ máa bẹ̀rẹ̀ kí n tó sọ ìdajì ọ̀rọ̀ mi, èmi náà á sì máa ṣe àmín títí àsìkò ìsinmi mi á fi tán. Ẹ̀ẹ̀kejì, mo gbọ́ pé ọwọ́ ọmọ yín ni fóònù yín ń gbé báyìí. Ìyá Aláṣọ, ọ̀rẹ́ Màámi, tó wá wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ níbí, ló bá mi mú lẹ́tà yìí bọ̀. Bí ojú yín ò bá rí i kà, ẹ jọ̀ọ́, kí ọmọ Ìyá Aláṣọ tó wà nílé kà á fún yín. Ẹ má fún ọmọ yín.

Ó ku ọ̀rọ̀ màlúù.

Ẹ ní kí n fowó màlúù ránṣẹ́ fún ìdúpẹ́, pé ọmọ onínàákúnàá ti padà wálé, pé kí n ka Lúùkù orí 15. Bàbá, mo ti kà á. Ta ló kọ́ mi? Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí ẹ ní kí n há a sórí fún ìkórè àwọn ọmọdé, láti ẹsẹ 11 títí dé 32, ọ̀rọ̀ kan ò sì bọ́ nínú rẹ̀. Ẹ ní bí èèyàn bá ń ka Bíbélì, kò gbọdọ̀ fò. Ọmọ yín ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ nígbà náà. Òun ló ṣe ẹlẹ́dẹ̀ nínú eré náà, tó sùn lọ sí abẹ́ tábìlì pẹpẹ, tí gbogbo ìjọ ń wá a kiri.

Ẹ jẹ́ ká tún un kà nígbà náà, ká má fò.

Àbúrò ní kí bàbá fún òun ní ìpín òun. Bàbá ò tíì kú. Nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ta ní ń pín ogún ẹni tó ṣì ń jẹ iyán? Ẹni tó bá béèrè irú ẹ̀ ti ní kí bàbá òun tètè máa lọ. Síbẹ̀ bàbá náà pín in. Òfin àwọn Júù wà nínú Diutarónómì 21:17, ìlọ́po méjì ni ti àkọ́bí. Bí ọmọ bá jẹ́ méjì, ẹ̀gbọ́n á mú ìdá méjì nínú mẹ́ta, àbúrò á mú ìdá kan. Àbúrò kó tiẹ̀ lọ, ó lọ ná an tán. Kí ló wá kù nílé? Ti ẹ̀gbọ́n ló kù. Bàbá náà fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ní ẹsẹ 31 pé gbogbo ohun tí òun ní, ti ẹ̀gbọ́n ni. Ẹgbọrọ màlúù àbọ́pa tí wọ́n wá pa yẹn, màlúù ta ni, Bàbá? Ẹnikẹ́ni ò bi í. Oko ló wà tó ti ń gbọ́ ìlù àti ijó, ọmọ ọ̀dọ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣàlàyé fún un.

Èmi náà, orí WhatsApp ìbátan wa kan ni mo ti rí i pé ọmọ yín ti dé. Sányán ló wọ̀, sányán tí mo fi owó oṣù méjì rà nígbà tí ẹ pé ẹni àádọ́rin ọdún. Mo mọ̀ pé ẹsẹ 22 ní kí wọ́n mú àyànfẹ́ aṣọ jáde. Kò sọ pé ta ló rà á.

Ẹ má sì bínú o, ó kéré tán, bàbá inú Bíbélì ò ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n nínú oko pé kó wá san owó màlúù.

Ilẹ̀ Ọbàntokò, mi ò fẹ́ sọ ọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀ nínú ohùn yín kejì, tí ẹ ní “ilẹ̀ mi tí mo tà”. Èmi ni mo ra ilẹ̀ yẹn ní 2017, nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́ ní Èkó tí mo ń sùn sí yàrá kan pẹ̀lú àwọn mẹ́ta mìíràn. Mo fi orúkọ yín sórí ìwé nítorí pé ọmọ yín ni mí, àti nítorí pé Màámi ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ. Ní 2022 ọmọ yín wá ní kí ẹ fún òun ní ìpín òun, òun fẹ́ máa kó ọkọ̀ tòkunbọ̀ láti Kútọnu, ẹ sì fọwọ́ sí i. Ọkọ̀ wo ló kó? Tẹ́tẹ́ ló ta á. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ló parí sí, ìyẹn náà sì dà bí ẹlẹ́dẹ̀ lójú mi.

Ẹ tún mú ọ̀rọ̀ Àjàyí Crowther wọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè dàgbà nítòsí Aké tí kò ní gbọ́ ọ: pé wọ́n mú un lẹ́rú ní Òṣóògùn ní 1821, pé ní 1846 ló tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, pé ìyá kàn dì í mú ni, tó ń gbọ̀n, kò lè sọ̀rọ̀. Ẹ ní lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ìyá ò bi í pé ibo lo wà. Bàbá, jíjí ni wọ́n jí Àjàyí gbé. Kò ta ilẹ̀ ìyá rẹ̀. Ẹ má fi í wé ọmọ yín.

Mo mọ̀ pé àwọn Farisí ni Jésù ń pa òwe yẹn fún, àwọn tó ń kùn pé ó ń bá ẹlẹ́ṣẹ̀ jẹun. Mo mọ ẹni tí mo jẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ wàásù ìyẹn fún mi.

Ẹ bi mí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ó ń lọ dáadáa. Wákàtí méjìlá lóru, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, ìgbà mìíràn ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Mò ń gbé àwọn àgbàlagbà sókè, mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń gé èékánná wọn. Bàbá àwọn ẹlòmíràn. Mo ń jẹun, ilé mi ń móoru, ẹ má da ara yín láàmú.

Ẹ ò bi mí ní ohun tó ń dùn mí gan-an, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, ìwé ti wà lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe ilẹ̀. Kì í ṣe sányán pàápàá.

Ìyá Aláṣọ ló jókòó sí kíṣìnì mi ní Sátidé tó kọjá, ó ń ṣa ẹ̀wà, ó ń sọ̀rọ̀ ilé, kò mọ̀ pé ohun kan wà nínú ohun tó ń sọ. Ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ wà tí ẹ rí ọmọ yín lọ́ọ̀ọ́kán, níbi tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí. Ó ní òun ò dá a mọ̀, ó ti rù, ọrùn rẹ̀ ti tín-ín-rín, ṣùgbọ́n ẹ̀yin dá a mọ̀. Ó ní ẹ dìde, ẹ sáré. Ó ní fìlà yín já bọ́, bàtà kan bọ́ lẹ́sẹ̀ yín, ẹ ò dúró mú un, àwọn ọlọ́kadà ń hó yèè.

Bàbá, orúnkún yín ńkọ́?

Orúnkún tí mò ń ra oògùn fún lóṣooṣù. Orúnkún tí kò jẹ́ kí ẹ lè gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì láti Àjíǹde èṣí. Mo mọ̀ pé àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Oníwàásù kan tiẹ̀ ṣàlàyé fún wa níbí pé àgbàlagbà ọlọ́lá ò ní í sáré láàárín àwọn Júù, nítorí á ní láti ká aṣọ rẹ̀ sókè, itan rẹ̀ á hàn, àwọn ọmọdé á fi ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo ìjọ ń ṣe “yéè”. Èmi ò ṣe “yéè”. Oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá ni mò ń rò.

Mo ti kúrò nílé fún ọdún méjì ó dín díẹ̀. Mo sọ fún yín pé mò ń bọ̀, mo sọ ọjọ́, mo sọ wákàtí. Orí àga lẹ wà. Ẹ ní, “O ti dé? Ṣé o tètè rí ọkọ̀ wọ̀ láti Kútọ̀?” Mo kúnlẹ̀, ẹ gbọ́wọ́ lé mi lórí, ẹ ṣàdúrà. Ó dára. Mi ò ráhùn. Mo rò pé nítorí orúnkún ni.

Mo sì mọ̀ pé mi ò wá sin Màámi. Oṣù kejì tí mo débí ló kú, ní November 2023. Ẹni tó gbà mí síṣẹ́ ní bí mo bá lọ, kí n má ṣe padà. Mo sọ ọ́ fún yín nígbà náà. Mo fi owó pósí ránṣẹ́, mo fi ti aṣọ ránṣẹ́, ti ọsibítù tẹ́lẹ̀ náà, èmi ni mo san án. Orúkọ ọmọ yín ni Màámi ń pè lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀gbọ́n yín obìnrin ló sọ fún mi. Ìyá ò sí nínú òwe inú Lúùkù. Mo máa ń rò ó pé bóyá ó ti kú kí ọmọ tó dé, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ ọ́ níbi àsè.

Nígbà tí mo bẹ̀ yín pé mi ò wá, ẹ ní, “Kò burú.” Kò burú kì í ṣe mo dárí jì ọ́. Ọmọ yín náà ò wá sin ín. Òun ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó kú. Ẹ sáré pàdé rẹ̀.

Ṣé ó bẹ̀ yín? Kí ló sọ? Ọmọ inú Bíbélì ti to ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ látọ̀dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀, ó ní òun á sọ pé kí bàbá fi òun ṣe ọ̀kan nínú àwọn alágbàṣe. Ẹ wo ẹsẹ 19, kí ẹ wá wo ẹsẹ 21. Kò dé ibi alágbàṣe rárá tí bàbá fi ń pariwo aṣọ àti òrùka àti bàtà. Mo mọ̀ yín. Ẹ ò jẹ́ kó sọ tán. Àdúrà lẹ bẹ̀rẹ̀.

Nínú ohùn oníṣẹ́jú mọ́kànlá yẹn, ìgbà mẹ́rìnlá lẹ pè é ní “àbúrò rẹ yìí”. Mo kà á. Mo mọ ibi tí ẹ ti mú un, ẹsẹ 32, nígbà tí ẹ̀gbọ́n ti kọ́kọ́ ní “ọmọ rẹ yìí”. Ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án ẹ dákẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, mo fẹ́ pa á. Ìgbà kejì tí mo gbọ́ ọ, inú bọ́ọ̀sì, ni mo tó gbọ́ pé imú lẹ ń fọn. Mo sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ tí kì í ṣe tèmi.

Bàbá yẹn jáde wá bẹ ẹ̀gbọ́n náà níta. Lúùkù ò sọ bóyá ó wọlé. Ẹ má kán mi lójú.

Mo fi 200 pọ́n-ùn sínú àkáǹtì yín lánàá. Kì í ṣe owó màlúù, mi ò ní owó màlúù. Ẹ fi ra ewúrẹ́ kan, ìyẹn tó fún ìdúpẹ́, ẹ sì mọ ìdí tí mo fi dárúkọ ewúrẹ́, ẹ wo ẹsẹ 29. Ìyókù, ẹ fi lọ ya fọ́tò orúnkún yín ní ọsibítù, kí ẹ fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ìyá Aláṣọ ní ọmọ yín ń húkọ́ lóru. Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ jọ lọ, kí wọ́n wo àyà rẹ̀. Ṣé ó ń jẹun kánú? Kó bọ́ sányán mi, kó fọ̀ ọ́, omi tútù ni o, kí ó má lọ fi bulíìṣì sí i.

Ọjọ́ wo gan-an ni ìdúpẹ́ náà? Kì í ṣe pé mo ní mò ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú ni wọ́n fẹ́ kí a ti máa sọ níbi iṣẹ́, ìdí tí mo fi bi yín nìyẹn.

Bàtà yín tó bọ́ lójú títì ńkọ́, ẹ rí i? Bí ẹ ò bá rí i, ẹ sọ nọ́ńbà ẹsẹ̀ yín fún mi.

Ìwé ti ń tán, mo sì rí i pé lẹ́tà ọwọ́ mi ti ń kéré sí i. Ojú yín ò ní í gbé e. Bí ọmọ Ìyá Aláṣọ ò bá ráyè, kí àbúrò mi kà á fún yín. Kó má fò.

Èmi ni,
Àkọ́bí yín