Lẹ́tà sí Àkànní nípa ohun tí mo bá nínú ófùn rẹ

Ìbarà,
Abẹ́òkúta.

Àkànní ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa, mo sì kí Tiwa. Ara mi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Orúnkún tí ó ń dùn mí nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ yín ti fúyẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fẹ́ bá ọ sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ wà nítòsí ní ìgbà méjèèjì, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe èyí tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbọ́ láti ẹnu mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí n padà wálé, mo fẹ́ yan ẹja tí a rà ní ọjà. Ọwọ́ mi ti wà lórí bọ́tìnnì tí ẹ fi ń tan ófùn kí n tó rántí pé ó yẹ kí n kọ́kọ́ wo inú rẹ̀, bóyá ọ̀rá ti kán sílẹ̀ níbẹ̀. Ìbọn ìléwọ́ ni mo bá, tí o fi táwẹ́ẹ̀lì wé, tí o sì tẹ́ sínú páànù ńlá tí ẹ fi ń yan tòlótòló. Mo dá a padà bí mo ṣe bá a, mo din ẹja náà, mo sì sọ fún yín pé dídín ni ó wù mí jẹ lọ́jọ́ yẹn. Irọ́ ni mo pa. N kò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

N kò kọ̀wé yìí láti bá ọ jà nítorí pé o ra ìbọn. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ alẹ́ ni o ń ṣe, mo sì mọ bí ọkàn rẹ ṣe rí láti ìgbà tí àwọn olè ti fọ́ ilé aládùúgbò yín. Houston kì í ṣe Abẹ́òkúta. Òfin Texas fàyè gbà á, o sì ra tìrẹ lọ́nà tí ó tọ́. Ibi tí o fi í sí ni mo bá wá. Mo sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé ilé mi ni o ti kọ́ ọ.

O rántí gáàsì kúkà tí bàbá rẹ rà fún wa. Ojú iná mẹ́rin tí ó wà lókè nìkan ni a ń lò. Abẹ́ rẹ̀ ni a ń kó ìkòkò sí, ibẹ̀ ni búrẹ́dì máa ń wà kí èèrà má baà bò ó, ibẹ̀ ni mo sì ń fi ẹja gbígbẹ pamọ́ sí nítorí ológbò. Ilé wa nìkan kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa níhìn-ín kò ka ófùn sí ibi ìdáná, kọ́bọ́ọ̀dù ni a kà á sí. Ohun tí n kò sọ fún ọ rí ni pé owó àjọ mi jóná níbẹ̀. Mo kó o sínú ike, mo fi ọ̀rá wé e, mo ní olè kankan kò ní wá a débẹ̀. Olè kò débẹ̀ lóòótọ́. Àbúrò mi ni ó wá kí wa, tí ó fẹ́ yan kéèkì fún ọ, tí ó sì tan iná sí i kí n tó ti ọjà dé. Òórùn ike tí ó ń jó ni ó pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ará ilé ń dúpẹ́ pé iná náà kò ran kọ́tìnnì, èmi ń fi ọwọ́ tú eérú. N kò lè bá àbúrò mi wí, àbí ta ni ó sọ fún un?

Owó ni tèmi. Ọta ìbọn ni tìrẹ.

Ọdẹ ni bàbá mi, ìwọ kò bá a láyé. Ara ògiri ìyẹ̀wù ni ó ń gbé ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ kọ́, inú ìwo ni ẹ̀tù rẹ̀ wà ní ibòmíràn, ìyá mi kò sì gbọdọ̀ gbé àtùpà wọ ibẹ̀. Bí a bá béèrè ìdí, yóò ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ̀tù dúdú ni tiwọn. Èyí tí ó wà nínú ọta òde òní yàtọ̀ sí i, kò sì dìgbà tí iná bá kàn án, ooru nìkan ti tó. Bí ooru bá ti ń sún mọ́ 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó lè gbiná fúnra rẹ̀, òmíràn kì í tilẹ̀ dúró débẹ̀. Nọ́ńbà Fahrenheit ni ó wà lára ófùn yín: 350 tí ìyàwó wa fi ń yan kéèkì jẹ́ nǹkan bíi 177, 400 tí ó fi ń yan adìẹ sì ti kọjá 200. Adìẹ ọjọ́ Ìsinmi lásán ni mo ń sọ yìí o.

Mo bi ẹ̀gbọ́n rẹ tí ó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun léèrè, n kò dárúkọ rẹ. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fi ohun ìdábùú tí ó wà lára ìbọn tan ara rẹ̀ jẹ, nítorí pé ibi tí ìka ń fà ni ó ń dè, kò lè de ooru. Ọta tí ó bá ti wọ inú ihò ìbọn yóò gba ẹnu rẹ̀ jáde gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn yìn ín, yóò sì lọ síbi tí ẹnu ìbọn bá kọjú sí. Àwọn yòókù yóò bú níbi tí wọ́n wà, ìkarahun idẹ wọn a sì máa fò kiri bí àfọ́kù ìgò. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2013 ní ìlú St. Petersburg ní Florida: ọ̀dọ́bìnrin kan tan ófùn nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti fi ṣe waffle, kò mọ̀ pé ọ̀rẹ́ náà ti kó ọta sínú rẹ̀, wọ́n bú, àfọ́kù wọn sì ṣe é léṣe. Ẹni tí ó pa nǹkan mọ́ nìkan ni ó mọ̀. Ẹni tí ebi ń pa ni ó ń tan ófùn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́hùn-ún tún máa ń jẹ́ kí ófùn gbóná kí ẹ tó gbé oúnjẹ sí i, nítorí náà kò sí ẹni tí ó ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ wò kí ó tó tàn án. Èyí tí ó wá bà mí lẹ́rù jù ni bọ́tìnnì tí ẹ ń tẹ̀ kí ófùn fi ooru jó ìdọ̀tí inú ara rẹ̀. Ooru yẹn lè dé nǹkan bíi 480 Celsius, ilẹ̀kùn náà a sì ti ara rẹ̀ pa títí yóò fi tutù. Bí ó bá ti gbóná kí o tó rántí pé ìbọn wà níbẹ̀, ọ̀nà wo ni o fẹ́ gbà yọ ọ́?

Tiwa ni ó sọ fún mi pé inú ófùn ni páànù ńlá máa ń wà. Ọmọ ọdún mẹ́fà! Ta ni o wá fi í pamọ́ fún? Òfin Texas tilẹ̀ sọ pé bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 bá rí ìbọn tí ó ṣe tán láti yìn mú nítorí àìbìkítà olówó rẹ̀, olúwarẹ̀ ti lùfin.

Gbé e kúrò níbẹ̀ lónìí. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe ní 2005 ní kí oníṣòwò tí ó ní ìwé àṣẹ fún ẹni tí ó bá ra ìbọn ìléwọ́ ní ohun tí yóò fi tì í, nítorí náà ó yẹ kí àgádágodo kan ti bá tìrẹ wá. Wá a jáde nínú páálí rẹ̀. Ra àpótí irin kékeré tí a lè kàn mọ́ ara ògiri ìyẹ̀wù, yọ ọta kúrò nínú ìbọn, kí o sì ti ọta náà mọ́ ibòmíràn. Bí o bá ṣe èyí tán, kó àwọn ìyókù náà jáde: páálí pízà, ìkòkò tí ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ike, agolo òògùn tí ẹ fi ń fín ìdọ̀tí, èyí tí òun náà lè bú bí ó bá gbóná.

Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ẹnì kan tan iná sí ọta, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, kí ó pa ófùn náà bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣì tó o, kí ó má ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ó kó gbogbo ará ilé jáde, kí ó sì pe 911, nọ́ńbà pàjáwìrì tiyín lọ́hùn-ún, láti ìta. Ọta tí ooru ti kàn kò ṣe é yìn mọ́.

Sọ fún ìyàwó rẹ. Mo mọ̀ pé yóò bínú, bóyá yóò tilẹ̀ bínú púpọ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó ń dúró ti ófùn yẹn, oyún sì wà nínú rẹ̀.

Oṣù Kejìlá ni mo ń bọ̀ wá wẹ ọmọ tuntun. Kí n tó wọ bàálù, ya fọ́tò inú ófùn náà ní òfìfo, kí o sì fi í ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ẹja tí n kò rí yan nígbà yẹn ṣì ń wù mí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.