Ìkéde fún Ọmọ Ẹgbẹ́: Igbó Dogo àti Òru Ẹ̀fẹ̀ ní Kétu

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará. Ìrìn àjò ọlọ́jọ́ méjì wa ti fìdí múlẹ̀. Aago 6 àárọ̀ Sátidé la ó pàdé lẹ́nu Àkábà Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu. Ẹni tó bá pẹ́, kó fi owó ara rẹ̀ wọ alùpùpù wá bá wa.

Igbó Dogo la ó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn, pẹ̀lú aṣọ́gbó tó mọ ọ̀nà. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn àti bàtà tó bo ọmọ ẹsẹ̀. Sálúbàtà táwọn kan wọ̀ níjọ́sí, gbogbo wa la jọ jìyà rẹ̀. Ẹ gbé omi dání. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dáná.

A ó tètè padà ká lè sùn díẹ̀, torí Ẹ̀fẹ̀, eré orin tó ń ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kì í ṣe eré ọ̀sán. Òru ni akọrin rẹ̀ ń jáde, tí yóò júbà àwọn ìyá wa kó tó fi orin na ẹni tí pàṣán tọ́ sí. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fúnra rẹ̀, èyí tí UNESCO kéde ní 2001 pé ogún gbogbo aráyé ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan iná fóònù sí wọn lójú.

5,000 sẹ́fà lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Ẹ kó o fún akápò kí Ọjọ́bọ̀ tó pé.