Sí Dúpẹ́, Lórí Fọ́tò Inú Òkun

Ìbarà,
Abẹ́òkúta.

Dúpẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Òtútù Norway ńkọ́? Àárò rẹ ń sọ mí. Látìgbà tí fọ́tò plankton, àwọn ẹ̀dá tí omi òkun ń gbé kiri, tó o yà lórí ọkọ̀ ti wọlé, mi ò lè gbé fóònù sílẹ̀.

Àwọn díátọ́mù yẹn ló gbà mí lọ́kàn jù. Ohun tíntín báyẹn, tó ń fi èròjà inú gíláàsì kọ́lé sára! Mo fi han kíláàsì mi, mo ní nǹkan bí ìdajì ọ́síjìn tó ń jáde láyé, ọwọ́ àwọn ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ nínú òkun, tó ń lo ìmọ́lẹ̀ oòrùn bí ewéko, ló ti ń wá. Ni ọmọbìnrin kan bá ní, "Mà, tí oòrùn bá wọ̀ ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ adágún ẹja bọ̀ọ̀dá mi l'Ákòómójẹ ló bá dé. Omi ibẹ̀ ti ki bí ọbẹ̀ ewédú. Ní ìdájí, epìyà á léfòó, á máa yanu sókè. Ọ̀pọ̀ ti kú. Bọ̀ọ̀dá ní ayé ló ń ṣe àwọn. Mo ní rárá o, àwọn ewéko omi tíntín tó ń pèsè ọ́síjìn lọ́sàn-án, àwọn náà ló ń fà á mu lóru. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, kì í kù fún ẹja kí ilẹ̀ tó mọ́. Bọ̀ọ̀dá ti dín oúnjẹ kù, wọ́n ń pààrọ̀ omi, síbẹ̀ ọkàn wọn ò balẹ̀. Owó àjẹsẹ́kù ni wọ́n yá kó sí i.

Bísí ti bí obìnrin. Màmá rẹ ti padà sí ìsọ̀ wọn n'Ítòkú, wọ́n kí ọ.

Ọmọ akàn tó wà nínú fọ́tò kẹta, tó ní ẹ̀gún lórí, kò jọ ìyá rẹ̀ rárá! Ìgbà èwe nìkan lomi ń gbé e kiri. Tó bá dàgbà, á lọ fìdí kalẹ̀ nísàlẹ̀. Jẹ́lífíìṣì ní tiẹ̀ lè tóbi ju orí ènìyàn lọ, síbẹ̀ plankton lòun náà, torí ìgbì ló ń darí ẹ̀. Látọdún 1887 ni Victor Hensen, ará Jámánì, ti pe gbogbo wọn ní plankton.

Dúpẹ́, jọ̀ọ́, máíkírósíkóòpù ilé-ìwé wa ti fọ́. Bí ibi iṣẹ́ yín bá ń ta èyí tí wọ́n ti lò, bá mi béèrè iye rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá á dá sí i. Mo fẹ́ mọ irú ewéko tíntín tó gba omi adágún yẹn, torí májèlé wà lára àwọn mìíràn, ẹja ibẹ̀ la sì ń jẹ nílé. Dá mi lóhùn kó o tó padà sórí omi.

Èmi ni tìrẹ,
Fọlákẹ́