Mo Ti Fi Gáùn Kọ́

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí bàálé rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fi pamọ́ fún ọ mọ́: mo ti kúrò ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò Ọ̀gá. Ilé iṣẹ́ kan ní Marina, tí mo ti ń gbẹjọ́ rò fún tipẹ́, ni ó ní kí n wá máa darí ẹ̀ka òfin wọn, mo sì gbà.

Owó oṣù ń wọlé lásìkò, mo sì ń dé Súrùlérè kí àwọn ọmọ tó sùn. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé ìlànà iṣẹ́ wa kò gba agbẹjọ́rò tí ó ń gba owó oṣù láyè láti dìde rojọ́ ní kóòtù fún ẹni tí ó gbà á síṣẹ́, àfi bí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ òfin ìjọba. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo tẹ̀lé agbẹjọ́rò tí a gbà lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìkòyí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo jókòó sí, láìsí wíìgì, láìsí gáùn. Nígbà tí àwọn tí a jọ ń ṣẹjọ́ tako ìwé tí a tẹ̀ jáde láti inú kọ̀ǹpútà, pé kò ní ìwé ìjẹ́rìísí tí abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 béèrè, díẹ̀ ló kù kí n dìde. Ìwé ìjẹ́rìísí náà wà nínú fáìlì tí mo gbé lé itan. Mo fi bírò kan agbẹjọ́rò wa léjìká, mo sì na ìwé náà sí i. Inú mi dùn pé ó rí i lò, síbẹ̀ ọkàn mi gbọgbẹ́.

Ní ilé ẹjọ́ gíga Èkó ní Igbosere, kí iná tó jó o ní 2020, bí a ó ṣe borí nìkan ni èmi àti ìwọ ń rò. Nísinsìnyí, iye tí ẹjọ́ yóò ná wọn àti bí yóò ṣe pẹ́ tó ni àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ tuntun yìí ń béèrè, èmi náà sì ní láti sọ fún ẹni tí ó ń san owó mi pé òun ni ó jẹ̀bi, kí a tètè lọ bá àwọn tí a jọ ń ṣẹjọ́ yanjú rẹ̀ ní Lagos Multi-Door Courthouse, níbi tí wọ́n ti ń fi ìjíròrò parí aáwọ̀. Iṣẹ́ agbẹjọ́rò pọ́ńbélé ni èyí, ó sì gba ìgboyà ju bí mo ti rò lọ.

Ọ̀rẹ́ wa ti Yábàá ti di májísíréètì, ó ní kí n kí ọ.

Ọ̀gá ni kò jẹ́ kí n sùn. Ó ti gbà pé èmi ni n ó gba oyè SAN, oyè àgbà agbẹjọ́rò Nàìjíríà, tẹ̀lé òun ní ọ́fíìsì náà, ẹni tí kò sì rojọ́ mọ́ kò lè kó iye ẹjọ́ tí wọ́n ń béèrè jọ. Kò gbé ìpè mi mọ́. Ìwọ ni ó máa ń gbọ́ tìrẹ. Jọ̀wọ́, bá mi bẹ̀ ẹ́, sọ fún un pé èmi ni mo rán ọ, pé n kò gbàgbé oore rẹ̀, àti pé mo fẹ́ wá kí òun àti Màmá nílé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni kí o pè é, nígbà tí ó bá ti sinmi.

Èmi ni tìrẹ,
Ìyá Tọ́lá