Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Pápá Eré-Ìje Tí Wọ́n Fẹ́ Da Ọ̀dà Lé

Sí Alága Ọlọ́lá àti gbogbo ẹ̀yin ọmọ Ìgbìmọ̀ Ìlú,

A kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àwa ẹgbẹ́ mẹkáníìkì ọmọ Yorùbá ní ìpínlẹ̀ Indiana níbí ló ń kọ̀wé sí yín. Ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì ti wà lọ́wọ́ akọ̀wé yín; èyí ni a ó kà létí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní òun kò gbọ́. Ẹ kúkú mọ̀ wá. Bí ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí ìlú bá takú lóru, àwa lẹ ń pè. Kò sí àdúgbò kan tí ọwọ́ wa kò tíì kan ẹ́ńjìnnì níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, a dé pápá eré-ìje ọkọ̀ àtijọ́ tí a ti máa ń ṣe àfihàn ọdọọdún fún àwọn ọmọṣẹ́ wa, a bá ìwé lẹ́nu géètì: àṣẹ wa ti di òfo, wọn yóò da ọ̀dà sórí ilẹ̀ náà, yóò di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ẹnikẹ́ni kò pè wá, ẹnikẹ́ni kò kọ̀wé sí wa. Pátákó tí a fi owó ẹgbẹ́ ṣe, tó ní àwòrán Charlie Wiggins lára, ẹ̀yìn àgbá ìdọ̀tí la ti bá a, ó dojú bolẹ̀ nínú omi, ìṣó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà lára rẹ̀.

Bóyá ẹni tó fà á tu kò mọ Wiggins. Mẹkáníìkì bíi tiwa ni. Ìlú Evansville ní ìpínlẹ̀ Indiana yìí ni wọ́n bí i sí. Bàtà ló kọ́kọ́ ń dán lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó gbà á wọlé kọ́ṣẹ́. Irin tó ṣà jọ láàtàn ọkọ̀ ló fi to ọkọ̀ eré-ìje tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Indianapolis, níbi tí wọ́n ti ń sá eré máìlì 500 láti 1911, àwọn tó ń darí eré-ìje kò jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú bá wọn sá a. Ni àwọn ènìyàn dúdú bá dá tiwọn sílẹ̀. Lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹjọ 1924, wọ́n sá máìlì 100 lórí pápá oníyẹ̀pẹ̀ ti Indiana State Fairgrounds, máìlì kan ní àyíká, nínú eruku bí ọyẹ́. Gold and Glory ni wọ́n wá ń pè é. Ìgbà 4 ni Wiggins gba ipò kìn-ín-ní. Ní 1936, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kọ lura, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bá a lọ, ìdíje náà kò sì tún wáyé mọ́. Síbẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ títí ó fi kú ní 1979. Sàréè rẹ̀ kò ní òkúta orúkọ títí di 2003. Ẹ̀yin ọlọ́lá, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló tún yẹ kí a sọ àwòrán rẹ̀ sẹ́yìn ìdọ̀tí?

Pápá oníyẹ̀pẹ̀ ni tiwa náà. Ní kọ́nà tí ọkọ̀ ti ń yà sósì, ọwọ́ ọ̀tún ni awakọ̀ ń yí sítíárì sí, kí ìdí ọkọ̀ tó ń yọ̀ má bàa gbá a yí po. Ibẹ̀ nìkan ni ọmọṣẹ́ wa ti lè fojú ara rẹ̀ rí i. Bí ẹ bá da ọ̀dà lé e, ó parí nìyẹn.

Ti iná títì tó kú níwájú ṣọ́ọ̀bù wa àti ti owó ìtanràn lórí ọkọ̀ oníbàárà ṣì wà ńlẹ̀. A ó sọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn.

A bẹ̀ yín, ẹ dá agbaṣẹ́ṣe dúró. Ẹ pè wá, kí a jọ jókòó sọ ọ́. Ẹ dá pátákó padà síbi tó wà, kí ẹni tó yọ ọ́ sì wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹgbẹ́. A kò rò pé èyí pọ̀ jù.

Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ ń sọ pé bí katakata bá dé géètì yẹn, yóò bá ọkọ̀ àwọn níbẹ̀, àti pé kí ọkọ̀ ìdọ̀tí ìlú lọ wá mẹkáníìkì mìíràn. Àwa àgbà ṣì ń pàrọwà fún wọn. Ìparí oṣù yìí ni ìpàdé wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí èsì yín ti dé ọwọ́ wa kí a tó jókòó.

Àwa ni,
Alága, Akọ̀wé àti Akápò,
fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.