Ẹ̀yin ọmọ Ìkòròdú, ta ló ní kí ẹ má bèèrè mọ́?

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ojú òsì ọmọ àbúrò mi ti funfun. Àpólò lásán ló mú un. Ohùn kan lórí WhatsApp ló ní kó po ìtọ̀ mọ́ oje ewé, kó kán an sójú. Mo bi í pé ta ló ni ohùn náà. Kò mọ̀. Ọmọ tó ń tún fóònù ṣe, tí kì í fọwọ́ kan bátìrì láì kọ́kọ́ fi mítà wọ̀n ọ́n, òun ló kán ohun tí kò mọ̀ sójú ara rẹ̀.

Ẹ kì í bèèrè mọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Ṣé ẹ tilẹ̀ ti bèèrè ìdí tí a fi ń pè é ní àpólò? Lọ́dún 1969 ló bẹ́ sílẹ̀ ní Gánà, lásìkò tí ọkọ̀ Apollo 11 gbé èèyàn dé orí òṣùpá. Àwọn èèyàn ní eruku òṣùpá ni. Fáírọ́ọ̀sì ni, ọwọ́ àti aṣọ ìnujú ló ń gbé e kiri. Ẹ máa fọ ọwọ́ yín.

Inú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì ni mo ti kà á. Tíṣà wa kan ló kó páálí kan fún mi nígbà tó fẹ̀yìn tì: Scientific American, tí wọ́n ti ń tẹ̀ láti 1845, àti New Scientist, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1956. Ibi tí ìṣirò bá ti pọ̀, mo máa ń fò ó.

Ẹ̀yin ò bá ìgbà ewéko, ewé orí omi tí òyìnbó ń pè ní water hyacinth. Ní 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Àgbádárìgì, kó tó wọ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Kì í ṣe ojúoró, kì í ṣe òṣíbàtà. Ó dí ebúté Ìpakòdò pa. Àwọ̀n bàbá mi ń gbé ewé dípò ẹja. Wọ́n ní ìyá àgbà kan ló fi ṣe wá, díẹ̀ ló kù kí wọ́n lù ú. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ewéko á kú, wọ́n á ní ètùtù ti gbà. Bí òjò bá rọ̀, ó tún dé.

Àfi ìgbà tí mo kà á pé ìhà odò Amazon ni wọ́n ti gbé e kiri nítorí ẹwà òdòdó rẹ̀, àti pé kò lè gba iyọ̀. N kò sùn. Ilẹ̀ ń mọ́, mo ti wà ní ebúté. Mo ti ìka bọ omi, mo lá a: iyọ̀! Oṣù Kejì nìyẹn. Ní oṣù Keje mo tún lá a, kò sí iyọ̀ níbẹ̀. Lójò, Odò Ògùn ń ya wọ ọ̀sà, ó ń ti òkun sẹ́yìn. Bí òjò bá dá, òkun á gba ẹnu Èkó padà wọlé. Iyọ̀ ló ń pa ewéko. Adìyẹ tí wọ́n ń pa ṣètùtù kú lásán.

Adùn ìwé náà nìyẹn. Á sọ ẹni tó wò ó, bó ṣe wò ó, ibi tí kò tíì yé e. Ó rán mi lọ lá omi ìlú mi.

Ẹ ní ayé ìwé ti kọjá, dátà ló kù. Dátà tí ẹ fi ń gbọ́ ohùn aláìlórúkọ yẹn náà ni ẹ lè fi kà á! Àbí ta ló dì yín lọ́wọ́? Ẹ forí jì mí, ojú ọmọ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi ni.

Páálí náà wà lábẹ́ àga ní pálọ̀ mi. Ẹ wá ní Sátidé. Kò sẹ́ni tó máa ya ojú ewé kankan lọ fún alákàrà o.